Ẹ Má Tíì Da Kẹ́ẹ̀gì Yẹn Nù: Iṣẹ́ Ọwọ́ Olówó Pọ́ọ́kú fún Yàrá Yín

Bóyá inú BRT lẹ wà láti Mile 12, bóyá inú ọkọ̀ ojú omi lẹ wà tí ẹ ń bọ̀ ní Ẹbúté, bóyá ẹ ń fọ abọ́ lọ́wọ́ tí earpiece sì wà létí yín, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ nítorí dátà, ẹ̀yin náà ẹ kú àfojúbà. A ò gbàgbé yín.

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí àwọn nǹkan tí à ń dà nù nínú ilé: kẹ́ẹ̀gì òróró, páálí, agolo, àjákù aṣọ. Báwo la ṣe lè fi wọ́n ṣe ohun tó wúlò nínú yàrá wa láì náwó gọbọi?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Púpọ̀ nínú wa tí a wá gbé ní Ìkòròdú, owó ilé ló gbé wa dé ibí. Ẹ san owó ilé ọdún kan, ẹ san ti agent, ẹ san ti lóyà, ẹ san caution. Ọjọ́ tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́, ó ku ẹ̀yin àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ń wo ògiri, ògiri ń wo yín. Kò sí àga, kò sí kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ wà nínú Ghana-must-go, síbí wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Owó tó yẹ kí ẹ fi ra nǹkan wọ̀nyí ti bá owó ilé lọ.

Ohun tí púpọ̀ nínú wa máa kọ́kọ́ ṣe ni pé a ó ṣí fóònù. Ẹ ó rí fídíò kan lórí TikTok, ẹnì kan fi ìgò ike mẹ́ta ṣe fìtílà tó ń dán bíi wúrà. Ẹ ó ní, "Háà, èmi náà lè ṣe èyí!" Àmọ́ ẹ dá fídíò yẹn dúró, kí ẹ ka ohun tó kó sílẹ̀: hot glue, ọ̀dà spray aláwọ̀ wúrà, okùn jute, iná oníbátìrì. Nínú gbogbo ẹ̀, ìgò ike nìkan ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Tí ẹ bá ro owó tó kù pọ̀, ẹ lè wọ Sábó lọ ra fìtílà tuntun, kí ṣéńjì sì kù tí ẹ máa fi wọ kẹ̀kẹ́ délé. Hot glue yẹn gan-an, iná mànàmáná ló ń mu. Ta ló fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí gọ́ọ̀mù?

Torí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: pé ẹ fi pàǹtí ṣe nǹkan kò túmọ̀ sí pé owó pọ́ọ́kú ni. Ohun tí ẹ máa rà kún un ló máa sọ bóyá ẹ jèrè tàbí ẹ pàdánù.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ara mi kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àkọ́kọ́: ìṣòro wo ló wà nínú yàrá mi tí nǹkan yìí máa yanjú? Tí kò bá yanjú ìṣòro kankan, pàǹtí ṣì ni, a kàn kùn ún lọ́dà ni. Èkejì: kí ni mo máa rà kún un? Òfin tèmi ni pé iṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ gba ju ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀kẹta: níbo ló máa parí sí tó bá bàjẹ́? Tó bá jẹ́ pé gọ́tà ni, ẹ tún un rò.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àṣà òyìnbó ni a fẹ́ máa kọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é. Ẹ dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ìrẹsì lọ́jà, kí lẹ máa sọ? "Ìyá, dẹ́ríkà kan mélòó?" Kí ni dẹ́ríkà? Agolo tòmátò ni! Orúkọ tó wà lára agolo náà ni De Rica. Àwọn èèyàn lo tòmátò inú rẹ̀ tán, wọ́n fọ agolo, ó di òṣùwọ̀n, orúkọ ilé iṣẹ́ sì di ọ̀rọ̀ ọjà. Kò sẹ́ni tó kùn ún lọ́dà. Ó yanjú ìṣòro kan, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́.

Ẹ tún wo àdìrẹ. Nígbà tí àwọn aláàdìrẹ ní Abẹ́òkúta ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, wọ́n máa ń gé bátànì sára páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a gbé e lé aṣọ, wọn a sì fi ẹ̀kọ gẹ̀gẹ́ pa á kí aró má bàa wọ ibẹ̀. Níbo ni wọ́n ti ń rí páànù náà? Lára èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ inú àpótí tíì tó ń ti òkè òkun wá ni. Àwọn tó sì ń fọwọ́ ya bátànì tiwọn, ìyẹ́ adìẹ ni bírò wọn. Àpótí tíì, gẹ̀gẹ́, ìyẹ́ adìẹ: aṣọ tí àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ń tọ́jú lónìí, inú irú nǹkan báyìí ló ti jáde.

Ní Ìkòròdú tiwa níbí ńkọ́? Ẹ rántí àwọn ọmọ Ikorodu Bois. Àwọn ọmọdé wọ̀nyí máa ń wo fídíò orin àti fíìmù olówó iyebíye, wọn a tún un ṣe pẹ̀lú bárò, páálí àti nǹkan ilé. Ní 2020, wọ́n tún ìpolówó fíìmù Extraction ṣe. Àwọn Russo Brothers tó wà lẹ́yìn fíìmù náà rí i, wọ́n sì sọ fún wọn lójú gbogbo ayé pé àwọn fẹ́ kí wọ́n wá síbi àfihàn àkọ́kọ́ apá kejì. Lọ́dún yẹn kan náà, Netflix kó irinṣẹ́ fíìmù ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé àwọn ọmọ yẹn kò dúró dìgbà tí wọ́n máa rí kámẹ́rà ńlá. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ná, kí wọ́n tó wá ohun tó wà nílé tó lè ṣe é.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Mẹ́rin ni mo mú wá. Gbogbo wọn ni mo ti ṣe nínú yàrá mi.

Iṣẹ́ kìn-ín-ní: tìmùtìmù láti ọ̀dọ̀ téílọ̀

Ìṣòro: kò sí àga, àlejò dé, ilẹ̀ le. Ẹ lọ bá téílọ̀ àdúgbò yín ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó bá ń gbálẹ̀. Ẹ kí i dáadáa, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kó àjákù yìí síbì kan, màá wá gbà á." Púpọ̀ nínú wọn ló máa fún yín, torí ààtàn ló ń lọ. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ.

Ẹ gé páálí kan ní ínǹṣì mẹ́fà ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ìyẹn ni òṣùwọ̀n yín. Ẹ gbé e lé àjákù Ànkárá, ẹ fi bírò yí i ká, ẹ gé mẹ́sàn-án. Ẹ to wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ rán àwọn mẹ́ta pọ̀ ní ìlà kan, kí ẹ sì rán ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Níbi tí ẹ bá ti ń rán an, ẹ fi ìlàjì ínǹṣì sílẹ̀ létí. Ohun tó máa jáde jẹ́ ínǹṣì mẹ́rìndínlógún. Ẹ wá gé aṣọ ìbora tó ti gbó tàbí T-shirt àtijọ́ ní ìwọ̀n kan náà fún ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kọ ojú wọn síra, ẹ rán an yí ká, ẹ fi àyè tó gba ọwọ́ kan sílẹ̀, kí ẹ sì yí i padà síta.

Tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi ń rán an, ẹ má kàn fa òwú lọ tààrà. Lẹ́yìn gbogbo ìgúnlẹ̀ kan, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe ní tú nígbà tí ọ̀rẹ́ yín tó sanra bá jókòó lé e.

Kí lẹ máa kì sínú ẹ̀? Àjákù kéékèèké tó kù náà ni, àmọ́ ẹ gé wọn wẹ́wẹ́. Tí ẹ bá kì í láì gé, ó máa dì gàdàgbà bí òkúta. Ẹ má ki ọ̀rá pure water sí i o. Ó máa ń mú ooru, ó sì máa ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ ní gbogbo òru. Owó tó jáde lápò: abẹ́rẹ́ àti òwú.

Iṣẹ́ kejì: páálí àti ṣítáàṣì

Ìṣòro: ìpara, ṣájà, bírò, òògùn, gbogbo wọn wà lórí fèrèsé. Ẹ gba páálí indomie lọ́dọ̀ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo inú páálí dáadáa, ẹ ó rí ìlà-ìlà tó gbà kan. Tí ẹ bá lẹ páálí méjì pọ̀ kí ìlà ọ̀kan dúró, kí ti èkejì dùbúlẹ̀, ó máa le ju páálí méjì tí ìlà wọn jọ dojú kọ ibì kan náà. Mẹ́ta tí a lẹ̀ báyìí lè gbé ìwé tó wúwo dáadáa.

Gọ́ọ̀mù ńkọ́? Ṣítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ kó lè dúró. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ po ṣíbí kan, kó má ní kókó. Ẹ wá da omi tó ń hó sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí tó máa fi kúrò ní funfun, tó máa wá mọ́ gaara. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fi aṣọ tàbí búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ pa á, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e títí di ọjọ́ kejì, kí ẹ sá a sóòrùn. Ẹ lè fi àjákù Ànkárá bò ó pẹ̀lú ṣítáàṣì kan náà.

Bí ẹ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́, ẹ lè fi ṣe dúróà kékeré, ohun tí fóònù máa dúró lé, ibi tí bàtà máa wọlé sí. Ìkìlọ̀ méjì péré: aáyán fẹ́ràn ṣítáàṣì, ẹ má gbé e sí kíṣìnì. Omi ni ọ̀tá rẹ̀, ẹ má gbé e sórí ilẹ̀ tó bá jẹ́ pé omi máa ń wọlé sí yín lákòókò òjò.

Iṣẹ́ kẹta: oko inú kẹ́ẹ̀gì

Ìṣòro: ewé ọbẹ̀ ọ̀wọ́n, ẹ ò sì nílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì òróró oní-lítà márùn-ún dára fún un. Ẹ fi omi gbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí òróró máa fi kúrò. Ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi bírò ya ojú fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ lu ihò kan, kí ẹ wá fi sísọ́ọ̀sì gé ìyókù. Ẹ má fi iná jó o o, èéfín ike kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ yí i padà, ẹ lu ihò bíi mẹ́fà sí ìsàlẹ̀. Ihò yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tó kù lọ. Tí omi kò bá rí ibi jáde, gbòǹgbò máa jẹrà, ẹ̀fọn á sì rí ibi yé ẹyin sí.

Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ da ilẹ̀ sí i. Ẹfinrin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra ti ọbẹ̀ lọ́jà, ẹ já ewé rẹ̀ sínú ọbẹ̀, ẹ má ju igi rẹ̀ nù. Ẹ ki igi náà sínú ife omi fún ọjọ́ díẹ̀, tí gbòǹgbò bá ti yọ, ẹ gbìn ín. Gbúre náà máa ń hù bẹ́ẹ̀. Ìyá kan tí a jọ ń gbé inú ọgbà ilé kan náà kọ́kọ́ fi tèmi ṣe ẹlẹ́yà. Ní báyìí, ọmọ rẹ̀ ló máa ń wá kan ilẹ̀kùn: "Bọ̀dá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, màámi ní kí ẹ bùn wá ní ẹfinrin díẹ̀."

Oòrùn máa sọ kẹ́ẹ̀gì náà di gbígbẹ tó bá pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Tí ẹ bá ti rí i pé ó ń sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Iṣẹ́ kẹrin: agolo

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Agolo mílíìkì ńlá tàbí ti Milo: ẹ fi ẹ̀yìn síbí nínípọn tẹ ẹnu rẹ̀ tó mú títí tó máa fi jọ̀lọ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi Ànkárá àti ṣítáàṣì wé e. Síbí wọ ọ̀kan, bírò àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọ òmíràn. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú ogún ni.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ lò

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, torí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo nǹkan òfìfo ló yẹ ká tún lò. Ike tí wọ́n fi ta oògùn apakòkòrò, kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé ásíìdì tàbí kẹ́míkà rí, ẹ má fi gbin ewé, ẹ má fi pọn omi, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Tí ẹ bá ra kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ kejì tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má lò ó fún ohunkóhun tó jẹ mọ́ oúnjẹ. Bátìrì mọ́tò tó ti kú, ẹ má tú u, òjé inú rẹ̀ máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ẹ má bu kẹrosíìnì tàbí bílíìṣì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ kékeré kò mọ̀wé kà, ohun tó mọ̀ ni pé ìgò yẹn, ohun dídùn ló máa ń wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti gbé dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn nítorí èyí.

Táyà àtijọ́ náà: ó dára fún àga, àmọ́ tí ẹ bá gbé e síta láì lu ihò sí i, omi òjò máa dúró sínú rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ẹ̀fọn á ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹ ò lè fi owó àga tí ẹ kò rà wá ra oògùn ibà.

Èyí tó kù ńkọ́?

Ìgò ike tí ẹ máa ń mu lọ́sẹ̀ kan pọ̀ ju ohun tí ẹ lè fi ṣe ọ̀ṣọ́ lọ. Ẹ má kó o jọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé ẹ máa lò ó lọ́jọ́ kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ kó o sínú àpò, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra ike ní kìlò. Bilikiss Adebiyi-Abiola dá Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó ní 2012 lórí irú èrò yìí: wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù lọ gba ike àti agolo lọ́wọ́ àwọn èèyàn nílé, wọ́n sì ń fún wọn ní póòǹtì tí wọ́n lè fi gba ẹ̀bùn. Ìjọba Èkó náà ti fòfin de abọ́ styrofoam ní oṣù Kìn-ín-ní 2024. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gba Májídùn kọjá lẹ́yìn òjò ńlá mọ ìdí. Ohun tó dí gọ́tà kì í ṣe ohun àjèjì, ìgò àti ọ̀rá tí àwa fúnra wa jù sílẹ̀ ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè: "Ṣé mo lè tà á?" Ẹ lè tà á, àmọ́ ẹ ka wákàtí yín mọ́ owó. Tí tìmùtìmù kan bá gbà yín ní ìrọ̀lẹ́ méjì, ìrọ̀lẹ́ méjì yẹn lowó. Ẹ wo Yinka Ilori, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù. Àga tí àwọn èèyàn ti jù nù ló kọ́kọ́ ń kó, ó ń tún wọn ṣe, ó ń kùn wọ́n ní àwọ̀ bí ti aṣọ òde wa, ó sì ń fi òwe tó gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ sọ ìtàn sí wọn lára. Ní 2021, ó gba oyè MBE. Àga jíjù nù kọ́ ni àwọn èèyàn ń sanwó fún. Ọwọ́ rẹ̀ àti ojú rẹ̀ ni. Torí náà, tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ má sọ pé "pàǹtí ni, ẹ mú ohun tẹ́ ẹ bá ní wá." Ẹ dárúkọ owó yín.

Ó dáa. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ yìí nìyí: ẹ má lọ wá pàǹtí. Ẹ dúró sáàárín yàrá yín, ẹ wò ó yípo, ẹ kọ ohun mẹ́ta tó ń dà yín láàmú sórí fóònù yín. Bóyá bàtà ni, bóyá ṣájà ni, bóyá ibi tí àlejò máa jókòó sí ni. Ẹ mú ọ̀kan. Lẹ́yìn náà kí ẹ tó ṣí àpò ìdọ̀tí wò.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ ṣe lè fi fóònù yín ka iye iná tí ẹ ń lò, kí mítà má bàa fi yín ṣeré. Títí dìgbà náà, ẹ máa tọ́jú ara yín. Ó dàbọ̀ o.